Bí a ṣe ń yẹ ìwòsàn stem cell wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Páálí náà kò tóbi ju páálí tíì lọ. Àwòrán ápù wà níwájú rẹ̀, ti ọmọ inú oyún wà lẹ́yìn, ìyẹ̀fun gbígbẹ ló sì wà nínú ọ̀rá pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù ní Sábó ní, “Màmá, stem cell ni o. Ṣúgà, rọpárọsẹ̀, ojú, SS, kò sí èyí tí kì í wò.” Bí kò bá sì jẹ́ ìyẹ̀fun, a jẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó.

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tíńtín-tíńtín tí ara fi mọ; stem cell ni èyí tó ṣì lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Iṣẹ́ stem cell fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Òkìkí rẹ̀ ni wọ́n yá láti fi ta nǹkan mìíràn. Ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á, kí ẹ má sì jẹ́ kó fo ọ̀kan: Sẹ́ẹ̀lì wo ni? Ara ta ni wọ́n ti mú un? Kí ló fẹ́ dà nínú ara mi? Àdánwò rẹ̀ ti dé ibo?

Sẹ́ẹ̀lì wo?

Oríṣi mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ wá láti ara ọlẹ̀. Bí àtọ̀ bá pàdé ẹyin nínú ike ní yàrá àyẹ̀wò, tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ó ti di bọ́ọ̀lù kékeré tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lé ní 100, tí gbogbo rẹ̀ kò sì ju hóró iyanrìn wẹ́wẹ́ kan lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣù jọ sínú bọ́ọ̀lù yìí lè di ẹ̀jẹ̀, iṣan, ọpọlọ, ohunkóhun nínú ara ènìyàn. Ní 1998 ni James Thomson àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ mú wọn jáde lára ọlẹ̀ ènìyàn tí wọ́n sì ń bọ́ wọn kí wọ́n máa pọ̀ sí i. Ọlẹ̀ tí wọ́n bá mú wọn lára rẹ̀ kì í yè. Ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi kejì ni ti ara tó ti dàgbà, bí èyí tó wà nínú mùdùnmúdùn eegun. Ẹ̀jẹ̀ ni ti mùdùnmúdùn yìí ń ṣe. Ẹ̀kẹta ni èyí tí Shinya Yamanaka ní Japan ṣe: ó fi jíìnì (ìtọ́ni àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) mẹ́rin dá sẹ́ẹ̀lì ara lásán padà sí bó ṣe rí nígbà tó ṣì jẹ́ ọlẹ̀, ti eku ní 2006, ti ènìyàn ní 2007. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 2012.

Ti ápù tó wà lára páálí náà kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sẹ́ẹ̀lì tó bá máa wúlò gbọ́dọ̀ wà láàyè. Inú nitrogen olómi, tó tutù dé ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Èyí tó ti gbẹ di ìyẹ̀fun, tó wà nínú báàgì nínú oòrùn Ìkòròdú, ti kú. Ká tiẹ̀ ní kò kú, bí ẹ bá gbé e mì, bí àpòlúkù yín ṣe ń da ẹ̀wà àti ẹja ni yóò ṣe dà á. Nítorí náà, ohun tí à ń pò mómi mu kò lè jẹ́ ìwòsàn stem cell. Ìbéèrè kìíní ti parí ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Wọn yóò na nọ́ńbà NAFDAC sí yín. Ẹ yí páálí náà, kí ẹ wò ó bóyá “food supplement” ni wọ́n kọ. Afikún oúnjẹ nìyẹn, kì í ṣe oògùn. Lára ọ̀pọ̀ irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹ óò tún rí i ní lẹ́tà tíńtín pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò náà wò.

Ara ta ni?

Ìbéèrè yìí lè kan ẹ̀yin gan-an, pàápàá tọkọtaya tó ń wá ọmọ nípa IVF, níbi tí àtọ̀ ti ń pàdé ẹyin nínú ike. Láti 1989 ni wọ́n ti ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyin tí wọ́n ń fà jáde lára obìnrin lẹ́ẹ̀kan lè tó mẹ́wàá, ọlẹ̀ kan tàbí méjì ni wọ́n ń dá padà sínú ilé ọmọ. Ìyókù ńkọ́? Wọ́n lè wà nínú yìnyín kí ẹ máa san owó ìtọ́jú wọn, kí ẹ fi wọ́n ta tọkọtaya mìíràn lọ́rẹ, kí wọ́n dà wọ́n nù, tàbí kí ẹ yọ̀ǹda wọn fún ìwádìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ojú ewé yìí nínú fọ́ọ̀mù, nítorí ọmọ ni wọ́n ń wá lọ́jọ́ náà.

Ẹ béèrè fún fọ́ọ̀mù náà kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ tí wọ́n máa fa ẹyin. Ẹ gbé e relé. Ìyọ̀ǹda fún ìwádìí gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tirẹ̀, kó má lúgọ sínú èyí tí ẹ fi gbà ìtọ́jú, kó sì sọ ní kedere pé bí ẹ bá kọ̀, ìtọ́jú yín kò ní yí padà. Ó gbọ́dọ̀ sọ irú ìwádìí tó jẹ́, bóyá ilé iṣẹ́ kan lè ti ara sẹ́ẹ̀lì náà jèrè, àti ìgbà tí ẹ lè yí ọkàn padà dé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú sẹ́ẹ̀lì jáde, kò sí àyípadà mọ́. Tọkọtaya ni kó fọwọ́ sí i, kó sì wà níbẹ̀ ohun tí wọ́n máa ṣe bí ìgbéyàwó bá tú tàbí tí ẹnì kan bá kú. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ọlẹ̀ dípò apá kan owó ìtọ́jú ti sọ ìyọ̀ǹda di kárà-kátà. Ẹ dìde níbẹ̀.

Ṣé ènìyàn ni ọlẹ̀ ọjọ́ márùn-ún? Ìjọ Kátólíìkì ní kí a bọ̀wọ̀ fún un bí ènìyàn láti ìgbà tí àtọ̀ bá ti pàdé ẹyin. Ọ̀pọ̀ àwọn àfáà gbà pé ọjọ́ 120 ni ẹ̀mí ń wọ inú oyún. Yorùbá ní ọlẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n inú ìyá ni ọlẹ̀ ti ń sọ, ti inú ike kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa látijọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1990 gbà kí wọ́n ṣèwádìí lára ọlẹ̀ dé ọjọ́ 14, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jámánì kò gbà kí wọ́n mú stem cell jáde lára ọlẹ̀ rárá. Lójú tiwa, ẹni tó ni ọlẹ̀ ló yẹ kó pinnu, lẹ́yìn tó bá ti mọ ohun tó ń fọwọ́ sí. Nílé níbí, abala 50 nínú òfin ìlera ti 2014 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ọlẹ̀ ènìyàn wọ̀lú tàbí kó o jáde. Ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ kò lè dín ní ọdún márùn-ún, kò sì sí owó ìtanràn dípò rẹ̀. Kíníìkì tó bá ní òun máa fi ọlẹ̀ yín ránṣẹ́ sókè òkun ń pè yín sí ẹjọ́.

Kí ló fẹ́ dà?

Stem cell ọlẹ̀ kò ṣe é gún sára bó ṣe wà. Bó ṣe lè di ohun gbogbo náà ló ṣe lè di kókó tí irun àti eyín wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí yàrá àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di irú sẹ́ẹ̀lì kan pàtó, kí wọ́n sì yọ èyí tí kò yí padà kúrò. Ẹni tó ní abẹ́rẹ́ kan náà ń wo ojú, orúnkún àti kíndìnrín kò mọ ohun tó ń gún.

Ní Moscow, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ọmọ inú oyún sínú ọpọlọ ọmọkùnrin kan láti Ísírẹ́lì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kókó hù sínú ọpọlọ àti ẹ̀yìn rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì àlejò náà ló sì ti hù. Ní Florida ní 2015, obìnrin mẹ́ta san 5,000 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè gún sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀rá ara wọn sí wọn lójú. Ojú méjèèjì ni wọ́n gún lọ́jọ́ kan náà, ojú sì fọ́. Dókítà tó ń ṣàdánwò kì í fọwọ́ kan ojú méjèèjì pọ̀.

Àdánwò ti dé ibo?

Ìròyìn ayọ̀ wà. Ní 2025, wọ́n kéde àbájáde sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè insulin, tí wọ́n ti ara stem cell ọlẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì dà sínú ẹ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Nínú àwọn 12 tó gba ìwọ̀n kíkún, 10 kò nílò abẹ́rẹ́ insulin mọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Ṣùgbọ́n ṣúgà oríṣi 1 ni gbogbo wọn ní, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti pa sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè insulin run. Ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa, oríṣi 2 ni. Àwọn tó gba sẹ́ẹ̀lì náà sì ń lo oògùn tó ń pa ọmọ ogun ara lẹ́nu mọ́, èyí tó ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn mìíràn.

Bí wọ́n bá ní àdánwò ni tiwọn, ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lórí PACTR (ìwé àkọsílẹ̀ àdánwò ti Áfíríkà) tàbí ClinicalTrials.gov (ti Amẹ́ríkà), àti ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ìwádìí tí NHREC, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ìwà ìwádìí ìlera, mọ̀. Ẹ ranti pé ẹnikẹ́ni lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sórí ìwé àkọsílẹ̀ yìí. Pé orúkọ wà níbẹ̀ kò sọ ọ́ di oògùn. Ẹ wá orúkọ dókítà náà lórí ìkànnì MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá gba owó sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ yín, ọjà ni wọ́n ń tà.

Fún SS, ọ̀nà tó dájú jù ni mùdùnmúdùn láti ara ọmọ ìyá àti bàbá kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ni wọ́n ń fi ṣe àyẹ̀wò HLA, tó ń fi hàn bóyá ara ẹni méjì bá ara wọn mu, àǹfààní pé yóò bá mu sì jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin fún ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. AS lè fún un, SS kò lè fún un. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin ti ṣe é ní 2011. Ẹ béèrè ewu rẹ̀: oògùn líle tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò lè dí ọ̀nà ọmọ bíbí, sẹ́ẹ̀lì àlejò lè dojú kọ onílé, ènìyàn sì lè kú.

Bí ẹ bá ti ra ìyẹ̀fun náà ńkọ́? Ẹ má dá insulin tàbí oògùn ṣúgà dúró nítorí rẹ̀; ẹni tó ní oríṣi 1 lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ gbé páálí náà lọ bá dókítà yín. Ẹ má sì da ọ̀rá tó ṣófo nù: nọ́ńbà batch tó wà lára rẹ̀ ni NAFDAC yóò kọ́kọ́ béèrè.