Ṣé kí n gba orúkọ ọkọ mi àbí kí n máa jẹ́ ti bàbá mi lọ?

Àbúrò mi tó ń múra ìgbéyàwó, kó o tó sáré lọ yí orúkọ Facebook ẹ láàárọ̀ Sunday, dúró ná. Kò sófin kankan ní Nàìjíríà tó ní dandan ni kí obìnrin jẹ́ orúkọ ọkọ. Sátífíkéètì tí wọ́n bá fún ẹ ní kánsù, ì báà jẹ́ ti Òṣogbo tàbí ti Ọlọ́rundá, ẹ̀rí pé o ti lọ́kọ ni, kò yí orúkọ kankan fún ẹ, ìwọ fúnra ẹ lo máa lọ yí i tó bá wù ẹ́.

Ohun tó o máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kó o kó gbogbo ìwé ẹ jọ sórí bẹ́ẹ̀dì. WAEC, ìwé yunifásítì, NYSC, NIN, BVN, pásípọ́ọ̀tù, pẹ́ńṣọ̀n, gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ WAEC àti NIN nìkan lo ní, tíṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ kékeré ni, yí i báyìí tó o bá fẹ́. Àmọ́ tó o bá ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí fáìlì ẹ ti wà ní Abẹ́rẹ́, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Ọ̀ṣun wà, láti ọjọ́ pípẹ́, tí owó oṣù ń wọlé pẹ̀lú orúkọ bàbá ẹ, haa, rò ó dáadáa o, torí ìwé WAEC àti ti yunifásítì ò ní yí ní tiwọn, orúkọ àtijọ́ ló máa wà lórí wọn títí, ìwọ lo máa máa kó ẹ̀rí kiri.

Tó bá jẹ́ orúkọ yẹn ni àwọn kọ́sítọ́mà fi mọ̀ ẹ́, tó wà lára ṣọ́ọ̀bù ẹ ní Òkè-Fíà, o lè so méjèèjì pọ̀. Ngozi Okonjo-Iweala tó wà nídìí WTO, àjọ ìṣòwò àgbáyé, Okonjo ni ti bàbá ẹ̀, Iweala ni ti ọkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ míì máa ń yọ dáàṣì yẹn kúrò, òmíì á lẹ orúkọ méjèèjì pọ̀, torí náà bó o bá ṣe kọ ọ́ níbi kan ni kó o kọ ọ́ níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà ń bẹ níbẹ̀. Mùsùlùmí pọ̀ ní Òṣogbo níbí, àwọn alùfáà míì a sì máa wàásù ẹ̀ níbi yìgì pé orúkọ bàbá ni kí obìnrin máa jẹ́ lọ, wọ́n á tọ́ka sí Súrà Al-Ahzab, ẹsẹ 5. Tó o bá jẹ́ Mùsùlùmí, àlàyé tó o lè ṣe fún ìyá ọkọ ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ ńkọ́? Kẹ́ ẹ sọ ọ́ kí mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ tó dé, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti tẹ káàdì. Bi í pé, "Kí ló wà lọ́kàn yín gan-an, ṣé kí aráyé mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ mi, àbí ìwé ìjọba lẹ ń wí?" Èyí àkọ́kọ́ ò le rárá, o lè jẹ́ Mísíìsì Lágbájá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá kí NIN ẹ ṣì wà bó ṣe wà. Nínú ilé ọkọ pàápàá, ta ló ń pe surname? Ìyàwó ni wọ́n ń pè ẹ́, tó o bá bímọ o ti di Ìyá Àyọ̀ nìyẹn. Àwọn ìyá ìyá wa ò ní surname kankan kí ilé ìwé àwọn òyìnbó tó dé, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí ò mọ ilé tí wọ́n fẹ́ wọn sí. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa jà torí fọ́ọ̀mù. Tó bá wá jẹ́ pé obìnrin nìkan ni bàbá ẹ bí, tó sì ń wù ú kórúkọ ẹ̀ má parẹ́, sọ ìyẹn náà fún ọkọ ẹ.

Ó dáa, tó o bá ti pinnu láti yí i, kóòtù ló kàn, lọ búra àfídáfíìtì, kó o wá gbé e sínú ìwé ìròyìn tó ń lọ káàkiri orílẹ̀-èdè: èmi tí wọ́n ń pè ní Omidan báyìí tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Abilékọ báyìí, gbogbo ìwé mi àtẹ̀yìnwá ṣì wúlò. Lẹ́yìn ìyẹn, NIN, kó tó kan báǹkì àti pásípọ́ọ̀tù, torí NIN ni àwọn méjèèjì máa yẹ̀ wò. Má fi ìdajì sílẹ̀ o! Kéèyàn jẹ́ orúkọ kan nínú NIN, òmíì nínú BVN, wàhálà ẹ̀ ju kéèyàn má yí i rárá lọ. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rìnrìn-àjò lẹ́yìn ìgbéyàwó, orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ ẹ ni kẹ́ ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìwé ìròyìn yẹn, ọjọ́ tó bá jáde ni kó o tètè lọ wá a lọ́dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn ní Ọláìyá, má ra ẹyọ kan, torí ibi tó o bá dé ni wọ́n á ti bèèrè ẹ̀, tó bá sì di ọjọ́ kejì ó ṣòro kó o tó rí i rà.