Ẹ má fi oògùn jẹjẹrẹ ro ti ikọ́ ife

Ikọ́ ife àti jẹjẹrẹ jọ mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ mọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré sọ pé ohun tó wo ọ̀kan á wo èkejì. Ẹ má bá wọn sọ ọ́.

Sẹ́ẹ̀lì T, jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀, ní bíréèkì kan lára tí wọ́n ń pè ní PD-1. Jẹjẹrẹ a máa tẹ bíréèkì yìí mọ́lẹ̀ kí jagunjagun má lè ta pútú. Iṣẹ́ lórí títú irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ ló gba ẹ̀bùn Nobel fún James Allison àti Tasuku Honjo lọ́dún 2018. Ó wá dà bíi pé ká tú u fún oníkọ́ ife náà, àbí? Wọ́n kó ikọ́ ife ran èkúté tí kò ní PD-1 rárá, kíá ni wọ́n kú. Ìbínú ẹ̀ṣọ́ tí kò ní ìjánu ló ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Nínú ènìyàn pàápàá, ikọ́ ife tó ti sùn ti jí sí àwọn kan lára nígbà tí wọ́n ń gba oògùn tó ń dí PD-1 nítorí jẹjẹrẹ.

Àlejò ni ọ̀kan, ọmọ ilé ni èkejì. Kòkòrò ikọ́ ife a wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó jẹ ẹ́ run, a sì fi ibẹ̀ ṣelé. Jẹjẹrẹ ní tiẹ̀, sẹ́ẹ̀lì wa tó yíwà padà ni.

Ẹ má sì gbára lé èkúté jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife kan, MVA85A, ṣe dáadáa lára ẹranko, àmọ́ nígbà tí àbájáde ìdánwò lára nǹkan bí 2,800 ọmọ ọwọ́ ní Gúúsù Áfíríkà jáde lọ́dún 2013, kò sí ẹ̀rí pé ó fi ààbò kún èyí tí BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun, ti fún wọn.

Ẹnì kan á ní, BCG ńkọ́, ṣebí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀? Òótọ́ ni, láti ọdún 1976 ni ìròyìn rẹ̀ ti jáde. Ṣùgbọ́n inú àpò ìtọ̀ gan-an ni wọ́n ń dà á sí, kó lè ta àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ jí. Ibi tí àìsàn wà gan-an ni ogun ti ń jà. Ìdí nìyí tí ara mi kì í fi í gba ìwádìí ikọ́ ife tó fa ẹ̀jẹ̀ apá nìkan, tó wá ń ròyìn ogun tó ń lọ nínú ẹ̀dọ̀fóró.