Ẹ Má Fi Oògùn Lé Oògùn: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tó Ní Àgbàlagbà

A ò kọ ìwé yìí láti sọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan la rí tí kò tán nílẹ̀: àgbàlagbà ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún ń dùn ún, ọmọ sáré ra oògùn ìrora lé e lórí, kò bi ẹnikẹ́ni. Ọmọ mẹ́ta tiẹ̀ lè ra mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí orúkọ ara páálí yàtọ̀, kí oògùn inú wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ara ẹni 75 ọdún kì í ṣe ara ẹni 30. Láti bí 40 ọdún ni agbára kíndìnrín ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà kì í yára mọ́. Diazepam, oògùn oorun, tí bàbá lò lálẹ́ ọjọ́ Ajé ṣì lè wà lára rẹ̀ ní Ọjọ́rú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ranlẹ̀, kí ẹ sì máa pè é ní ọjọ́ ogbó.

Ẹ má ra oògùn ìrora bí ibuprofen, diclofenac tàbí piroxicam fún ẹni tó ti lé ní 65 bí dókítà tàbí apòògùn kò bá tíì rí gbogbo oògùn tó ń lò. Bí orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá parí sí "pril" tàbí "sartan", tó sì tún ń lo èyí tó ń mú ni tọ̀, oògùn ìrora yẹn lè ba kíndìnrín jẹ́. Ó tún lè mú inú ṣẹ̀jẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la.

Paracetamol 500 mg ni kí ẹ kọ́kọ́ nawọ́ sí: hóró 1 tàbí 2, kí wákàtí 6 wà láàárín, kí ó má ju hóró 6 lọ lójúmọ́. Ẹni tí kò tó 50 kg, hóró 1 lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ ju 4 lọ. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, dókítà ni kó sọ iye rẹ̀. Ẹ ka ara páálí oògùn òtútù. Paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ kà á mọ́ ọn.

Ẹ tún wo èyí. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mú ọrùn ẹsẹ̀ ìyá wú, wọ́n ra oògùn tó ń mú ni tọ̀. Ìtọ̀ ń jí i lóru, wọ́n ra oògùn oorun. Oorun kùn ún, ó ṣubú. Oògùn mẹ́ta, ẹyọ kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀! Bí nǹkan tuntun bá yọ lára àgbàlagbà, ẹ kọ́kọ́ béèrè: oògùn wo la bẹ̀rẹ̀ tàbí tí a fi kún láìpẹ́ yìí? Chlorpheniramine tí ẹ ń rà fún imú tó ń ṣomi lè da iyè rẹ̀ rú, ó sì lè dí ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin nínú.

Ẹ wá àpò kan. Ẹ kó gbogbo oògùn tí àgbàlagbà yín ń lò sínú rẹ̀: egbòogi, fítámì, oògùn ojú, èyí tí ọ̀rẹ́ fún un. Bó bá tó 5, ẹ gbé e lọ bá dókítà tàbí apòògùn ní oṣù 6-6, kí ẹ bi í pé èwo la lè dín, èwo la lè yọ. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ má sì torí ìwé yìí dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Oògùn oorun tó ti pẹ́ lára, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in.