Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣayẹyẹ Ọmọ Tó Gboyè Láì Jẹ Gbèsè, Kí Màmá Àgbà Náà Sì Ríbi Jókòó

Ẹ kú ìnáwó ọmọ o, ẹ máa jẹ èrè ẹ̀ lágbára Ọlọ́run. Tí ọmọ yín tàbí ọmọọmọ yín bá fẹ́ jáde ní yunifásítì lọ́dún yìí, ẹ dúró ná, ẹ má tíì lọ ra ańkàrá. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ní Àkúrẹ́ níbí, tàkọ́kọ́ dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, ìkejì ló tó wá bọ́ sí i, nǹkan tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè pé ayẹyẹ wo ló ń bọ̀, torí àwọn ọmọ ìwòyí ní bíi mẹ́ta. Sáìn-áùt wà, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ìdánwò ìkẹyìn, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àwọn ọ̀rẹ́ wọn á wá máa fi máákà kọ ìkọkúkọ sí i lára, wọ́n á tún da omi àti pawúdà síra wọn lórí. Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún wọn jàre, ẹ kàn fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, kí ẹ má lọ síbẹ̀ lọ dójú ti ọmọ. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, bíi àwọn tó ń jáde ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní Oǹdó, ìndọ́kṣọ̀n wà fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń búra iṣẹ́. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí ẹ máa gbọ́ ohùn ọmọ yín níbi tó ti ń búra, ara yín á bù máṣọ. Ìkẹta wá ni kọnfokéṣọ̀n tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn sì lè pẹ́ débi pé ọmọ á ti wọ kákí NYSC tán kí wọ́n tó pè é. Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn kí ẹ náwó lé e. Ẹni tó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa ti ẹ̀yìnkùlé wọlé sá fún olówó ni.

Ó wá kan káàdì ìwọlé. Ẹ tètè béèrè pé èèyàn mélòó ni wọ́n máa jẹ́ kó wọlé, ẹ má dúró dọ̀la. Iṣẹ́ ẹ̀ńjìníà ni ọmọ mi ọkùnrin kọ́, ọdún márùn-ún ló yẹ kó fi ṣe é, 2016 ló wọlé. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ní 2020, kòrónà dé, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, náà daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹta títí ó fi ku ọjọ́ méjì Kérésì. Ní 2022 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ Falentáìnì títí wọ oṣù kẹwàá. Ọdún márùn-ún di méje. Ọmọ yìí ń bá àwọn oníwáyà fa iná sílé kiri Ọ̀bà-Ilé nígbà yẹn kó lè rówó ra dátà, wọ́n á ní ṣé ìwọ náà ni ẹ̀ńjìníà, á rẹ́rìn-ín. Torí náà nígbà tó parí, gbogbo ẹbí ló fẹ́ wá. Ìyá mi gbéra láti Oǹdó ní ìdájí, wọ́n ti pọ̀ lọ́jọ́ orí, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin. Káàdì méjì péré nilé ìwé fún wa. Èmi àti bàbá ọmọ náà mú un, a ní tí a bá débẹ̀ a máa bẹ àwọn ẹ̀ṣọ́.

Wọn ò gbà. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, mo kúnlẹ̀ pàápàá, ẹ̀ṣọ́ yẹn ò tiẹ̀ wojú mi. Abẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni ìyá mi jókòó sí fún wákàtí mẹ́rin, lórí àga pákó, pẹ̀lú gèlè tí wọ́n wé láti aago márùn-ún àárọ̀. Nígbà tí a jáde wọn ò bínú o, wọ́n kàn ní "Ẹ kú oríire, mo gbọ́ àtẹ́wọ́ yín láti ibí." Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Kí ẹ lè mọ ìdí tó fi dùn mí: nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ìyá mi ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń rù lọ ọjà, àwọn àbúrò wọn ló bá ìwé pàdé. Èmi bọ́ sígbà gómìnà Ajáṣin, 1979 sí 1983, tí girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn ni mo fi parí girama. Àwọn ọmọ mi ló wá wọ yunifásítì. Ẹni tí ilẹ̀kùn ti tì mọ́ síta ní 1955, a tún wá mú un lọ jókòó sẹ́nu géètì.

Torí náà, àmọ̀ràn mi tó ṣe pàtàkì jù nìyí, ẹ lè gbàgbé ìyókù: tí káàdì bá jẹ́ méjì, ẹni tó dàgbà jù tó náwó tàbí tó jìyà lórí ọmọ yẹn ló ni ọ̀kan. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ yanjú ìkejì láàárín ara yín. Nígbà tó kan ọmọ mi obìnrin, ìyá mi àti bàbá ọmọ ló wọlé, èmi ni mo jókòó ti oní-pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, mo sì jẹ ẹ́ dáadáa. Ẹ má sì ra káàdì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lè dá yín padà, owó ti lọ nìyẹn.

Tí ẹ bá ń mú àgbàlagbà lọ, ẹ sùn sí Àkúrẹ́ mọ́jú tó bá ṣeé ṣe. Oǹdó sí Àkúrẹ́ ò jìnnà, bíi wákàtí kan ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, lọ́jọ́ kọnfokéṣọ̀n, mọ́tò ò ní kúrò lójú kan. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ fún wọn, ẹ mú omi, bísíkíìtì, abẹ̀bẹ̀, oògùn ìfúnpá wọn, kí ẹ sì ti mọ ibi tí ilé ìtọ̀ wà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tó bá gbọ̀n wọ́n kẹ́ ẹ tó máa wá a, ẹ ti jẹ gbèsè ìtìjú nìyẹn.

Fótò, ẹ gba fótógíráfà kan péré, ẹ bá a dúnàádúrà kó tó yà, kó má jẹ́ lẹ́yìn tó yà tán. Ẹ jẹ́ kó ya èyí tí ọmọ ti bọ́ gáùn wọ ìyá àgbà lọ́rùn. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kòkó díẹ̀ lọ́nà Ìdànrè, kòkó yẹn náà ló san púpọ̀ nínú owó ilé ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kòkó mọ̀ pé láti bí oṣù kẹsàn-án, ìkẹwàá, títí wọ oṣù kìn-ín-ní lowó gidi ń wọlé. Tí ilé ìwé bá wá fi ayẹyẹ sí oṣù keje, ìdánwò dé nìyẹn, ẹ máa fẹ́ lọ gba owó ṣáájú lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó, iye tí wọ́n bá sì fẹ́ ni wọ́n máa dá lé e lórí nígbà ìkórè. Ẹ má ṣe é. Ẹ má sì lọ yá owó kọ́párétíìfù nítorí jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọjọ́ kọnfokéṣọ̀n gan-an lẹ gbọ́dọ̀ pe èèyàn. Ti ìkejì, a lọ ya fótò, a jẹun nílé láwa mẹ́wàá, nígbà tí kòkó wọlé nínú oṣù kọkànlá la tó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a pe èèyàn. Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí ló dé tó fi pẹ́, oúnjẹ ni wọ́n wò.

Oúnjẹ náà, Àkúrẹ́ là ń gbé, ẹ má rò pé ráìsì nìkan máa tó wọn, àwọn àgbà á wo inú kúlà, wọ́n á ní "Iyán dà?" Ẹ lọ ra iṣu ní Ọjà Ọba tàbí Ìsìkàn ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì gbéṣẹ́ fún alásè, ìdajì owó ni kẹ́ ẹ san, ìyókù dìgbà tó bá já oúnjẹ sílẹ̀. Èmi san gbogbo ẹ̀ tán nígbà àkọ́kọ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni oúnjẹ dé, ẹ̀yìn tí gbogbo àlejò ti fi máláàtì àti ṣinṣín bọ́nu lọ sílé. Aṣọ ẹbí, ní tèmi, kò pọn dandan, ẹni tó bá ní ọ̀kan tó bá àwọ̀ mu kó wọ̀ ọ́.

Ẹ wo àwọn ọmọ tó kù nínú ilé o. Ọmọ àbúrò mi kan wà lọ́dọ̀ wa, ó ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò tíì wọlé. Lọ́jọ́ àríyá àkọ́kọ́ mo wá a títí, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a tó ń fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní kó fọ̀, torí àǹtí kan ti na ìka sí i láàárín èrò pé "Ẹ̀gbọ́n ẹ rèé, ìwọ ńkọ́?" Kí èèyàn tó dé, ẹ bá àwọn tó máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n nínú ẹbí. Ẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ tó níyì, èmi ní kí tèmi di máìkì mú lọ́jọ́ ìkejì, òun ló ń pe àwọn àgbà síta wá súre.

Irú kíláàsì tí ọmọ fi jáde náà, ẹ má bi í lójú èèyàn. Ẹni tó ní 4.50 sókè nínú 5 ló fi fọ́ọ̀sì kíláàsì jáde, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ nǹkan tójú ẹni tó ní 2.9 rí níbẹ̀. Tí wọ́n bá fún yín ní máìkì, nǹkan tí ọmọ ṣe ni kí ẹ sọ, èmi sọ ti wáyà Ọ̀bà-Ilé, ọmọkùnrin yẹn gan-an ò mọ̀ pé mo ń ṣọ́ ọ nígbà yẹn, ló bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn nǹkan kékeré tó ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹ orúkọ ẹ̀ wò lórí lísìtì kó tó pẹ́, kó rí i pé bó ṣe wà lórí WAEC àti JAMB ló ṣe wà níbẹ̀, lẹ́tà kan péré lè dá a padà ní NYSC. Tí sátífíkéètì bá jáde, ẹ má lamínétì ojúlówó o, ọ̀pọ̀ ibi ni wọn ò ní gbà á tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, inú fáìlì tí omi ò lè wọ̀ ni kí ẹ fi sí, kí ẹ sì ṣe sìkáànù ẹ̀ pamọ́ sórí fóònù èèyàn méjì. Ẹ lè fi fótò ọmọ sí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sẹ́ni tó máa mú yín, ṣùgbọ́n ẹ má ya sátífíkéètì pẹ̀lú nọ́ńbà ara ẹ̀ síbẹ̀, àwọn gbájúẹ̀ náà ń wo sítétọ́ọ̀sì.

Gáùn wá kù. Ilé ìwé máa ń dá ọjọ́ tí ẹ máa dá a padà, ó sì lówó ìtanràn tí ẹ bá pẹ́. Èyí tí ọmọ mi obìnrin wọ̀, ọjọ́ kejì ló yẹ ká dá a padà, ìyá mi ni kò jẹ́. Wọ́n lọ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n jókòó sí pálọ̀. Wọ́n wá tú etí ìró wọn, wọ́n yọ bébà kan tí wọ́n ká mọ́ inú nylon, rìsíìtì owó ilé ìwé ọmọ yẹn ti ọdún àkọ́kọ́ ni, tí wọ́n fi owó àjọ san. Wọn ò lè kà á. Wọ́n ní ká kà á fún àwọn, a kà á, wọ́n ní ká tún un kà. Ọjọ́ mẹ́ta la tó rí gáùn yẹn gbà lọ́rùn wọn, mo sì san owó ìtanràn.