Fáìlì tó di játijàti lẹ́yìn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́: ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò

Ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíì, ó dé, ẹ ṣí i, gbogbo ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti rí ẹ ti di áº¹, ṣ náà ti di á¹£. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án o. Ẹ má tún un tẹ̀, ẹ má sì tẹ Save rárá, torí lọ́pọ̀ ìgbà kò sí nǹkan tó ṣe fáìlì yẹn, prógíráàmù tẹ́ ẹ fi ṣí i ni ò mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ sèéfù ẹ̀ bó ṣe rí yẹn, ó lè wá bàjẹ́ lóòótọ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wádìí ni pé ṣé ojú ọ̀nà ló ti bàjẹ́ àbí ibi tẹ́ ẹ ti ṣí i ni wàhálà wà. Ẹ ṣírò hash ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú báìtì fáìlì, níbi tó ti kúrò àti níbi tó dé. Nínú terminal, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lórí Linux ẹ tẹ

sha256sum iwe.txt

lórí Mac ẹ tẹ shasum -a 256 iwe.txt, lórí Windows ẹ tẹ certutil -hashfile iwe.txt SHA256. Tí nǹkan gbọọrọ tó jáde níbi méjèèjì bá bára mu pátápátá, báìtì kankan ò yí padà lójú ọ̀nà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìfiránṣẹ́ sílẹ̀, encoding, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi báìtì kọ lẹ́tà, ni kẹ́ ẹ lọ wò. Tí ò bá bára mu, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí encoding, ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà fi ránṣẹ́ lẹ máa tún ṣe. Àwọn èèyàn máa ń fo ibí yìí gan-an, wọ́n á kàn máa yí sétíǹsì kiri.

Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ló ti bàjẹ́, tó sì jẹ́ FTP, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbà fi fáìlì ránṣẹ́, lẹ lò, ẹ wo móòdù ẹ̀. FTP ti pẹ́ láyé, ìwé RFC 959 tó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ti jáde láti 1985, ó sì ní móòdù ASCII tó máa ń yí òpin ìlà padà, torí Windows máa ń fi báìtì méjì parí ìlà, 0D 0A, Linux àti Mac ayé ìsinyìí ń lo 0A nìkan. Ìyẹn dáa fún ìwé lásán, àmọ́ tó bá jẹ́ fótò tàbí zip, gbogbo 0A tó bá pàdé nínú ẹ̀ ló lè ti 0D bọ̀ níwájú, zip náà ò ní ṣí mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i pé fáìlì tó dé fi báìtì díẹ̀ ju ti ibi tó ti wá lọ, ẹ fura sí èyí. Ẹ tẹ binary, móòdù tí kì í yí báìtì kankan padà, kẹ́ ẹ tó tẹ put tàbí get. Tó bá jẹ́ témi ni, mo máa ní kẹ́ ẹ fi FTP sílẹ̀, rsync, prógíráàmù míì tó ń kó fáìlì, ló dáa jù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, rsync -P ò ní da èyí tó ti wọlé nù. Ibi tí móòdù ASCII ti wúlò gidi ni mainframe IBM, àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń lo encoding tiwọn tí wọ́n ń pè ní EBCDIC, lọ́dọ̀ tiwọn C1 ni A, kì í ṣe 41, tẹ́ ẹ bá gbé ìwé ibẹ̀ wá ní binary ẹ ò ní lè kà á.

Ó wá ku encoding. Ẹ wo báìtì fúnra ẹ̀:

head -c 64 iwe.txt | xxd

Nínú UTF-8, encoding tó wọ́pọ̀ jù lónìí, báìtì mẹ́ta ni ẹ, E1 BA B9. Prógíráàmù tó bá rò pé Windows-1252, encoding àtijọ́ ti Windows, lòun ń kà á ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan, E1 jẹ́ á, BA jẹ́ º, B9 jẹ́ ¹, bó ṣe di áº¹ nìyẹn. ṣ jẹ́ E1 B9 A3, ìyẹn ló fi di á¹£. Ọ̀rọ̀ ọ ló burú díẹ̀, E1 BB 8D ni, Windows-1252 ò sì ní lẹ́tà kankan fún 8D, nítorí náà báìtì kẹta lè pòórá tí ẹnì kan bá sèéfù ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ï»¿ níbẹ̀rẹ̀ fáìlì, BOM nìyẹn, àmì tí prógíráàmù míì máa ń fi síbẹ̀rẹ̀ fáìlì láti sọ encoding ẹ̀, kò léwu. Tó bá fi FF FE bẹ̀rẹ̀, UTF-16 ni.

Tí báìtì bá pé, ẹ kàn sọ fún prógíráàmù pé UTF-8 ni kó kà. Nínú Excel, ẹ má tẹ CSV lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i, Data ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ mú From Text/CSV, ẹ wá yan 65001, ìyẹn UTF-8. Tó bá jẹ́ Windows-1252 ni fáìlì lóòótọ́, ẹ fi iconv, prógíráàmù tó ń yí encoding padà, yí i:

iconv -f WINDOWS-1252 -t UTF-8 atijo.txt > tuntun.txt

Orúkọ méjèèjì ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà o, torí fáìlì yín á ti ṣófo kí iconv tó kà á rárá. Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti sèéfù áº¹ mọ́ inú ẹ̀, ẹ yí àṣẹ yẹn padà, -f UTF-8 -t WINDOWS-1252, ẹ àti ṣ á padà wá, àmọ́ iconv lè dúró tó bá dé ibi tí ọ wà. Èyí tó bá ti di ? tí xxd sì fi 3F hàn níbẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, ẹ ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tún un fi ránṣẹ́.

Tí skríptì láti Windows bá ń sọ bad interpreter pẹ̀lú ^M lórí Linux, òpin ìlà náà ni, dos2unix á tún un ṣe.

Orúkọ fáìlì náà ní wàhálà tiẹ̀. Èèyàn lè kọ ẹ ní kóòdù kan, U+1EB9, ó sì lè jẹ́ e tí wọ́n fi àmì U+0323 sí lábẹ́, lójú wa ọ̀kan náà ni, báìtì wọn yàtọ̀, ẹ lè wá rí fáìlì méjì nínú fódà kan tí orúkọ wọn jọra bí ìbejì. Convmv ló ń tún orúkọ fáìlì kọ, ẹ tẹ convmv -f utf8 -t utf8 --nfc -r . kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó fẹ́ ṣe, tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi --notest kún un kó lè ṣe é. Bákan náà Linux gbà pé Iwe.txt àti iwe.txt yàtọ̀, Windows ò gbà, ọ̀kan lè tẹ ìkejì rẹ́ tẹ́ ẹ bá kó wọn lọ síbẹ̀, Windows kì í sì í gba : tàbí ? nínú orúkọ. Fáìlì tó bá máa rìn láti ibì kan sí ibòmíì, ẹ fi a dé z, nọ́ńbà àti dáàṣì nìkan sọ ọ́ lórúkọ, kẹ́ ẹ wá kọ gbogbo àmì yín sínú ẹ̀ bó ṣe yẹ.