Bí ẹ ṣe lè yọ̀ǹda ara yín láti kọ́ àdúgbò ní ìtọ́jú ẹranko

Ọ̀pọ̀ ìyà tó ń jẹ ẹranko nínú ilé kì í ṣe ìkà ló fà á. Àìmọ̀ ni, tàbí kí ẹni tó ni ín má mọ ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀kọ́ ló ń tún un ṣe, ẹnikẹ́ni tó bá ráyè fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀ sì lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo

"Ẹ fẹ́ràn ẹranko" kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè délé kó ṣe. "Ẹ bu omi tuntun fún ajá yín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, níbi tí okùn rẹ̀ lè dé" ṣeé ṣe. Kí ẹ tó yan èyí tí ẹ máa kọ́ni, ẹ rìn yí àdúgbò ká pẹ̀lú òmìnira márùn-ún tí wọ́n là kalẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1979: kí ebi àti òùngbẹ má pa á, kí ibùgbé rẹ̀ má ni ín lára, kí ìrora, ọgbẹ́ àti àìsàn má bá a jà, kí ó má gbé nínú ìbẹ̀rù, kí ó sì ráyè ṣe bí irú rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ẹ kọ àwọn ilé tí ẹ ti rí ìṣòro sílẹ̀, àti iye wọn.

Ẹ bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá wọn, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí wọ́n ti ń gún un, ọjọ́ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Ẹni tó bá rin ìrìn asán kò ní dá yín lóhùn mọ́. Kí àrùn náà tó dáwọ́ dúró láàárín àwọn ajá, ó kéré tán 70 nínú 100 wọn gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́.

Nílé-ẹ̀kọ́

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ wà nínú kíláàsì. Ìṣẹ́jú 30 sí 40 tó fún ọmọ ọdún 7 sí 11. Ẹ má mú ajá gidi wá: ariwo ọmọdé á dẹ́rù bà á, ajá tí ẹ̀rù bá sì ń bà lè gé ni jẹ. Àwòrán ńlá tó.

Ẹ kọ́ wọn bí ajá ṣe ń sọ̀rọ̀. Èyí tí ara rẹ̀ le gbagidi, tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, tó ń lá ẹnu léraléra tàbí tó yíjú kúrò, ń sọ pé kí ẹ fi òun sílẹ̀. Ìrù jíjù pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àmì ayọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ara ṣe é: bí ajá tí wọn kò mọ̀ bá sáré bọ̀, kí wọ́n dúró sójú kan bí igi, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ra, kí wọ́n wo ilẹ̀, kí wọ́n má sáré, kí wọ́n má pariwo. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kì í dúró lọ́kàn lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá dé.

Ẹ tẹnu mọ́ èyí: bí ajá bá gé wọn jẹ, kí wọ́n sọ fún àgbàlagbà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ọmọ kan ń fi í pamọ́ torí ìbáwí. Bí àmì dìgbòlugi bá sì ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é.

Ẹ má fi àwòrán ẹranko tó ń ṣẹ̀jẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n á dijú, ẹ̀kọ́ á sì sọnù.

Lọ́dọ̀ àwọn àgbà

Ìbéèrè ni kó ṣáájú. Ẹni tó so ajá mọ́ okùn kúkúrú ní ìdí: bóyá ajá náà ń pa adìẹ aládùúgbò. Bí ẹ bá pè é ní ìkà, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ọgbà ló dára jù. Bí kò bá sí, okùn gígùn tí irin tó ń yí wà ní ìdí rẹ̀ kó má baà lọ́ pọ̀, níbi tí ibòji àti omi wà, tí kò sí ògiri tí ajá lè fò kọjá kí okùn fún un lọ́rùn pa. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ìgbànú ọrùn rẹ̀. Ti ọmọ ajá, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ọrùn ń tóbi, ìgbànú kì í tóbi.

Ìkà gidi ńkọ́? Ẹ má wọ ọgbà onílé. Ẹ kọ ọjọ́, ibi àti ohun tí ẹ fojú rí, kí ẹ fi tó àwọn aláṣẹ létí.

Ẹ padà lọ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ padà sí àwọn ilé tí ẹ kọ sílẹ̀. Bí nǹkan kò bá yí padà, ẹ bi wọ́n ní ohun tó dí wọn lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé abọ́ fúyẹ́, tí ajá ń dà á nù. Abọ́ wíwúwo ló máa yanjú ìyẹn, kì í ṣe ìwàásù. Ẹ tún lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí ó ṣeé ṣe kí ọmọ ajá tuntun ti wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gún lábẹ́rẹ́.