Òtútù ni mo fẹ́ wọ̀n, ooru ló jẹ owó mi

Iṣẹ́ máásítà mi nílùú Ọba dá lórí ohun tí òtútù àti họ́mọ́nù wàhálà ń ṣe sí ọ̀rá búráùn, ìyẹn ọ̀rá tó ń jó oúnjẹ di ooru dípò kó tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Òtútù ò ná mi ní kọ́bọ̀. Yàrá tútù 4 °C ti wà nílẹ̀. Ooru ló gbé owó kẹ́míkà mi mì.

Yàrá tí wọ́n ń sin èkúté sí kì í sábà ju 22 °C lọ. Ó tu àwa tá a wọ kóòtù lára. Ti èkúté kọ́: ó dìgbà tó bá tó nǹkan bíi 30 °C kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ní 22, iṣan tó ń gbé iṣẹ́ wá látinú ọpọlọ ti ń tú noradrenaline, kẹ́míkà tó ń jí ọ̀rá náà sí iṣẹ́, sínú rẹ̀, ọ̀rá ń yọ́, UCP1, ìyẹn purotéènì kan nínú mitochondria (ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì), sì ń sọ agbára rẹ̀ di ooru. Èkúté tí mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, òtútù ti mú un kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ló bá di pé ká ra àpótí tó ń dúró ní 30 °C. Àwọn tó tà á (ẹ jẹ́ n bò wọ́n láṣìírí) gbé e dé láìsí ẹ̀rọ tó ń ka ooru. Wọ́n ní ó ń bọ̀. A retí, a retí. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ń ka 30, tẹmọ́mítà tèmi tí mo kì bọ ẹ̀yìn àpótí ń ka 26. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Mo pa á, mo tàn án, 26. Inú bí mi! Ní Ìbàdàn lóṣù kẹta, ọ̀fẹ́ ni 30 °C, abẹ̀bẹ̀ la fi ń lé e.

Wọ́n wá rán ẹnì kan wá. Ó tú ẹ̀yìn àpótí: fáànù tó yẹ kó máa pín ooru kiri ò yí rárá. Wọ́n sì tún kọ owó ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ wa lọ́rùn. Èkúté mi ti dàgbà kọjá bí mo ṣe fẹ́ ẹ, a sì ní láti ra òmíràn.

Ibi tí mo ti lè fọwọ́ sọ̀yà ni ti họ́mọ́nù. Àwọn ará láàbù ní kí n máa fi abẹ́rẹ́ gún họ́mọ́nù náà sí èkúté lára, mo kọ̀. Gbígbá èkúté mú lásán ti ń gbé corticosterone, họ́mọ́nù wàhálà ara rẹ̀, sókè, kódà bó ṣe omi iyọ̀ lo gún sí i. Omi mímu wọn ni mo po họ́mọ́nù náà mọ́.

Àárín èjìká ni mo ti yọ ọ̀rá náà, lábẹ́ ọ̀rá funfun. Ti inú òtútù pọ́n dúdú bí ẹ̀dọ̀. Ti 30 °C, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ti àwọn tó mu họ́mọ́nù pẹ́ tún ṣá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀kán ọ̀rá ńláńlá kún inú rẹ̀.

Ẹ má kàn gbé e lé èèyàn lórí o. Ní Edinburgh, nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2016, prednisolone, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi họ́mọ́nù wàhálà, fúngbà díẹ̀ mú kí ọ̀rá búráùn àwọn ọkùnrin tí kò sanra ṣiṣẹ́ sí i nínú òtútù díẹ̀. Ọ̀gá mi ní ìpínrọ̀ kan tó fún ìyàtọ̀ èèyàn àti èkúté yìí. Odidi orí kan ni mo fi ṣe.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ yá àpótí lọ́wọ́ ẹni tó ti ń lò ó. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ rà á, kí tẹmọ́mítà tiyín sùn mọ́jú nínú rẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó sanwó tán.